Kí Lẹ Fi Ń Pa Ọmọ Lára?

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni wọ́n ti rí ìgò àgbo náà. Nọ́ọ̀sì tó gbé e wá fún wa nà án síwájú bí ẹni tó gbé ejò dání.

"Òun nìyí," ni Mátírọ̀n Lois wí. "Ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ méjì nìyí."

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni, lẹ́yìn àwọn báńkì Òkè-Ìléwó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé ẹni tó ni ín ṣì ń bínú sí mi títí di òní. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun wà. Ọmọ mẹ́rin ni ibà gbé dè níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, méjì nínú wọn sì ti kú. Èyí tó kọ́kọ́ ṣàìsàn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣàngóyọmí, ṣì ń mí, àmọ́ mímí náà kò dára létí. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kẹ́yìn ni ọmọbìnrin obìnrin kan tó ń jẹ́ Haleemah; wọ́n bí ọmọ náà láìpé oṣù, ó sì ti pẹ́ nínú wọ́ọ̀dù yẹn ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Sájẹ́ǹtì Kọ́ládé ni mí. Ẹ̀yìn ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé, ni mo ti ń rìn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí Abẹ́òkúta. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ohun tó bá ń rò kì í sì í hàn lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé oorun ló ń kùn ún. Àwọn olè kan rò bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì wà lẹ́wọ̀n báyìí.

"Ta ló ni ìgò yìí?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ìyá àgbà Ṣàngóyọmí yẹn ni, mà. Abúlé kan lọ́nà Alábàtà ni wọ́n ti wá. Olórìṣà ni wọ́n." Imú ni Mátírọ̀n fi sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni èmi náà, ṣùgbọ́n ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. "Lábù wa nísàlẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kilẹbusiẹ́là ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, Kilẹbusiẹ́là ló wà nínú ìgò. Kí ni ẹ tún ń wá?"

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, mo rò pé ìyàwó òyìnbó kan ni. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, bó bá sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ ti di ti Ọlọ́run. Èyí tó wà níbí tún burú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ti fún àwọn ọmọ náà ní oògùn yìí, wọ́n ti fún wọn ní tọ̀hún, apá oògùn kankan kò ká a.

Ọ̀gá dúró ti bẹ́ẹ̀dì Ṣàngóyọmí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọmọ náà pẹ́ títí. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

"Mátírọ̀n, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "oògùn wo àti irinṣẹ́ wo ló ń kan ara àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

"Abẹ́rẹ́. Ohun tí a fi ń wọn ibà. Rọ́bà tí a fi ń fún wọn ní oúnjẹ. Owú àti sípírítì tí a fi ń nu ìwọ́. A máa ń bọ irinṣẹ́ wa dáadáa, mà, ẹ bi ẹnikẹ́ni."

"Kò sí òmíràn?"

"Kò sí."

Mo gbà á gbọ́. Gbogbo ìlú ló mọ Mátírọ̀n Lois. Òun ló gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì mọ ọjọ́ ìbí wọn ju àwọn ìyá wọn lọ.

Kí a tó dé rárá ni Dípíò, ọ̀gá àgbà téṣàn wa, ti ní kí wọ́n lọ mú ìyá àgbà náà. Ó ti pinnu pé ní ọjọ́ Ajé, òun máa gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn.

*

Orí bẹ́ǹṣì ni a bá ìyá àgbà náà, Ìyá Ifáníkẹ́, ní téṣàn, ó káwọ́ lé itan. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí i. Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ara wọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà."

Ìyá kò dáhùn kíkí. "Ṣé ọmọ mi ṣì ń mí?"

"Ó ń mí, mà."

"Ẹ má purọ́ fún mi o."

"Mi ò purọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń bọ̀ yìí."

Ìyá àgbà tú èémí sílẹ̀. Ọ̀gá fa àga sún mọ́ ọn.

"Àgbo yẹn, ta lẹ gbé e wá fún?"

"Ìyá ọmọ ni. Ṣàngówùmí, ọmọ mi. Kí ẹ̀jẹ̀ lè dà lára rẹ̀ dáadáa. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ ò fi kan ọmọ lẹ́nu? Ẹ ò fi wẹ̀ ẹ́?"

"Kí n wẹ̀ ẹ́ kẹ̀! Obìnrin aláṣọ funfun yẹn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Èmi tó jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ gbogbo ọmọ agboolé wa."

"Ẹ ti dé ilé ìwòsàn yẹn rí ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bí i?"

"Mi ò débẹ̀ rí. Orí mi má jẹ̀ẹ́ kí n tún débẹ̀ mọ́."

Mo dá sí i. Ó ti ń ṣe mí bíi pé a ń fi àkókò ṣòfò. "Ìyá, kòkòrò tó pa àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n bá nínú ìgò yín."

"Ẹ̀yin rí kòkòrò náà?"

"Kò ṣeé rí lójú, mà."

"Ẹ ò rí i," ni Ìyá Ifáníkẹ́ wí, "ẹ wá mọ̀ pé èmi ni mo ni ín?"

Mo yíjú sí Ọ̀gá pé kó gbà mí. Ó ti dìde, ojú rẹ̀ sì ti là.

"Sájẹ́ǹtì, ìbéèrè tí Dípíò yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn. Kó ìgò yẹn. Kó ẹ̀jẹ̀ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní lábù wọn. Kí wọ́n fi owú nu ẹnu omi ẹ̀rọ wọn, ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti gbogbo irinṣẹ́ tí Mátírọ̀n kà sílẹ̀. Ibi àyẹ̀wò yunifásítì tó wà ní Alábàtà là ń kó wọn lọ."

*

Kí èsì tó jáde, mo ní ẹni tí mo fura sí, mo sì fẹ́ fi hàn pé èmi náà ní ọpọlọ. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, kí ló tún kù ju pé oògùn náà jẹ́ ayédèrú? Mo wọ́ Ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ Alájì Sàlàhúdíìnì, ẹni tó ń ta oògùn fún ilé ìwòsàn náà. Ó ń làágùn kí a tó jókòó, mo sì ti ń yọ̀ nínú ara mi.

"Wallahi, oògùn mi kò lábùkù," ni ó wí. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín lọ yẹ̀ wò."

A mú un, a yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn gidi ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí ló rí nínú. Ọ̀gá kò bú mi. Ó kàn bi Alájì pé kí ló wá rò pé ó fà á tí oògùn gidi kò fi ran kòkòrò náà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí gúgúrú ni wọ́n ń ra oògùn yìí nígboro. Orí fọ́ ẹnìkan, á rà á. Ọ̀fun ń dun ẹlòmíràn, á lo méjì, ara á tù ú díẹ̀, á sọ ìyókù sí àpótí. Kòkòrò tí kò kú nínú wọn ti wo oògùn náà dáadáa, ó ti mọ̀ ọ́n lójú. Kí ló tún fẹ́ bẹ̀rù níbẹ̀?"

Bí a ṣe ń jáde ni wọ́n pè láti Alábàtà. Dókítà Oyíndà, ẹni tó ń bá wa ṣe àyẹ̀wò náà, ní kí a máa bọ̀ kíá.

*

Ibi àyẹ̀wò náà wà láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Mo ti rò pé ẹ̀rọ ràgàjì kan ni n ó bá níbẹ̀, tó ga kan àjà, tó ń kùn. Ohun tí Dókítà Oyíndà fi hàn wá kò ju fóònù ọwọ́ mi lọ. Ó wà lórí tábìlì, wáyà kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Òun ló ń ka kòkòrò," ni Dókítà wí. Ọ̀dọ́bìnrin ni, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn, bó bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò, ẹ ó rò pé ará ilé rẹ̀ ló ń ròyìn.

"Ó ń kà á báwo? Ṣé kòkòrò níwèé nínú ni?"

"Ó ní in, Sájẹ́ǹtì. Gbogbo ohun alààyè ló ní in. Ìwé àbùdá là ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí bí yóò ṣe rí, ohun tí yóò máa jẹ, bí yóò ṣe máa bímọ. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ìyẹn, ẹ bi àlùfáà yín."

Lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, wọn kò dúró. Mo bi í pé mélòó ni gbogbo wọn. Ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù márùn-ún.

Mo wá àga, mo jókòó. Mo rò pé bóyá ni lẹ́tà inú Bíbélì ilé wa, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, fi tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjì la sì fi ń gbé òun. Èyí wà nínú ohun tó kéré débi pé ẹgbàágbèje rẹ̀ lè jókòó sórí èékánná mi kí n má mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn pé mo wà láyé tí mo rí i. N kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgò àgbo," ni Dókítà wí. "Kilẹbusiẹ́là ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, lábù wọn kò purọ́. Ó máa ń wà lára ewé, ó máa ń wà nínú omi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, Ṣóbándé mélòó lẹ mọ̀ ní Abẹ́òkúta yìí?"

"Wọn ò lóǹkà," ni mo wí.

"Bí Ṣóbándé ti Ìbarà bá jalè, ṣé Ṣóbándé ti Aké lẹ máa lọ mú?"

Mo fẹ́ sọ pé ó kù sọ́wọ́ Dípíò, mo pa ẹnu mi dé.

"Orúkọ ni lábù wọn rí. Èmi ka ìwé wọn. Lẹ́tà tí ti inú ìgò fi yàtọ̀ sí ti ara àwọn ọmọ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Wọn kì í ṣe ẹbí, wọn kì í ṣe ará. Àwọn mẹ́rin tó wà lára àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà tí wọ́n fi yàtọ̀ síra wọn kò tó iye ìka ọwọ́ yín. Ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?" ni Ọ̀gá bèèrè.

Dókítà Oyíndà yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó hàn pé ìbéèrè tó ti ń retí nìyẹn. "Bí kòkòrò bá ń bímọ, yóò da gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kọ fún ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣi ọ̀kan kọ. Ọmọ náà á jogún àṣìkọ yẹn, á sì gbé e fún ọmọ tirẹ̀, títí lọ, bí wọ́n ṣe ń fi òmíràn kún un. Ẹni tí àṣìkọ rẹ̀ kéré jù ló súnmọ́ ìyá jù. Ti ara ọmọbìnrin Haleemah ló kéré jù. Ti Ṣàngóyọmí ní gbogbo àṣìkọ tó wà lára tiẹ̀, ó sì tún ní méjì sí i. Ti àwọn tó kú tún ju ìyẹn lọ."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Ṣàngóyọmí ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ọmọ Haleemah ló kẹ́yìn."

Ọ̀gá mi yíjú sí mi jẹ́jẹ́. "Kọ́ládé, ìbejì ni ọ́, àbí? Ta ni ẹ̀gbọ́n láàárín ìwọ àti èkejì rẹ?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni Kẹ́hìndé."

"Ta ló kọ́kọ́ jáde?"

"Táyé ni. Èmi ni mo rán an pé kó lọ..."

"Pé kó lọ tọ́ ayé wò," ni Ọ̀gá wí. "Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọmọ Ẹ̀gbá pé ẹni tó kọ́kọ́ yọjú kọ́ ni ẹ̀gbọ́n, síbẹ̀ gbogbo wa la gbàgbé ìyẹn nígbà tí ibà dé. Ọmọ Haleemah ti wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn kí wọ́n tó bí Ṣàngóyọmí. Kòkòrò ti wà lára rẹ̀, ó kàn rọra jókòó ni, kò tíì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí Ìyá Ifáníkẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn náà."

"Ká lọ mú Haleemah nìyẹn!"

"Jókòó, Sájẹ́ǹtì."

"Ti ọmọ Haleemah náà kì í ṣe ìyá," ni Dókítà wí. "Òun náà ní àṣìkọ tirẹ̀. Ìyá wọn wà níbì kan nínú wọ́ọ̀dù yẹn, ohunkóhun tó bá ń gbé e ń kan ara gbogbo ọmọ. Mo yẹ omi wò, mo yẹ ọwọ́ wò, mo yẹ gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ kó wá wò. Kò sí níbẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ kò mú wá."

Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Nǹkan kejì nìyí, òun ni mo fi ní kí ẹ yára. Ẹ wo ẹsẹ yìí. Ibí ló ti kọ́ bí yóò ṣe ṣe ohun kan bí àlùmọ́gàjí, tó fi ń gé oògùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹsẹ yìí, oògùn mìíràn. Eléyìí, òmíràn. Gbogbo èyí tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ yẹn, ó ti kọ́ bó ṣe máa borí rẹ̀."

"Èwo ni kò tíì kọ́?"

"Ọ̀kan. Oògùn àtijọ́ ni, wọ́n ti pa á tì torí pé ó máa ń ni kíndìnrín lára. Mo wá ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ìwé yìí, n kò rí i."

Ọ̀gá ti ń tẹ fóònù. Dókítà Jedidiah, ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, ló gbé e, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Oògùn yẹn! Màdáàmù, kíndìnrín ọmọ tuntun! Kò sí dókítà tó máa gbà."

"Èyí tí ẹ ń fún Ṣàngóyọmí lọ́wọ́ báyìí, sà, kí ló ń ṣe fún un?"

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Dókítà Jedidiah wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọmọ náà ò ní rí ọjọ́ Ajé báyìí."

"Ẹ dákun, ẹ bá Dókítà Oyíndà sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá gbé fóònù fún un. Àwọn dókítà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ìwọ̀n tí ara ọmọ kékeré lè gbà. Mo jáde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́, mo gbàdúrà, n kò sì tijú bí ẹnikẹ́ni bá rí mi.

*

Ìgbà tí a padà sí Òkè-Ìléwó, oògùn àtijọ́ náà ti ń kán wọ ara Ṣàngóyọmí àti ọmọbìnrin Haleemah. Kò tíì sí ìyàtọ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n pe Nọ́ọ̀sì Christianah, ẹni tó bá wa gbé ìgò àgbo lọ́jọ́sí.

"Irinṣẹ́ wo ló ń kan ara àwọn ọmọ?"

Ó kà wọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni Mátírọ̀n ti kà.

"Oògùn wo?"

Ó tún kà wọ́n. N kò gbọ́ ohun tuntun kankan níbẹ̀. Ó rẹ̀ mí, ọyẹ́ sì ń fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Mo fi ahọ́n ra ètè.

"Sájẹ́ǹtì, ètè rẹ ti bẹ́," ni Ọ̀gá wí.

"Ọyẹ́ ni, mà."

"Wo apá Nọ́ọ̀sì."

Mo wò ó. Ó funfun hẹ́ẹ́, bíi ti gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta lásìkò yẹn.

"Wá wo ọmọ yìí."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo Ṣàngóyọmí. Pẹ̀lú gbogbo àìsàn rẹ̀, ara ọmọ náà ń dán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, ikùn rẹ̀ ń dán, kò sí ẹfun ọyẹ́ kankan lára rẹ̀. Mo wá mọ ohun tí Ọ̀gá wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé, tí mo pè é ní àdúrà.

"Nọ́ọ̀sì," ni Ọ̀gá wí, "kí lẹ fi ń pa ọmọ lára?"

Christianah fò sókè. "Pa ọmọ lára kẹ̀! Mà, Ọlọ́run ló gbọ́, a kì í pa ọmọ lára níbí o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fara balẹ̀. Bí ẹ bá wẹ̀ wọ́n tán, kí lẹ fi ń ra ara wọn?"

"Áà." Ó mí kanlẹ̀. "Òrí ni, mà. Òrí lásán."

"Kí ló dé tí o kò dárúkọ rẹ̀?"

"Ẹ bi mí ní oògùn, mà, ẹ sì bi mí ní irinṣẹ́." Ojú rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu gidi. "Òrí kì í ṣe oògùn. Òrí ni."

N kò lè dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá bi èmi náà, n kò ní rántí rẹ̀. Òrí ni wọ́n fi ra mí nígbà tí wọ́n bí mi, òun ni wọ́n fi ra bàbá mi. Ẹni tó bá ń ka ohun tó léwu sílẹ̀ kò ní ka òrí mọ́ ọn láéláé.

Mátírọ̀n Lois fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ike ńlá kan tó ní ìdérí. Inú rẹ̀ dùn láti fi hàn wá.

"Òrí gidi nìyí, kò sí àdàlù. Kìkì pé ọyẹ́ ti mú un le, ara ọmọ tuntun ò sì fẹ́ nǹkan líle. Mo máa ń bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, màá pò ó títí á fi rọ̀ múlọ́múlọ́."

"Kí lẹ fi ń pò ó?"

"Ọwọ́ mi yìí ni. Ọjọ́ tí mo bá pò ó, ó máa ń tó wa lò fún ìgbà pípẹ́. Màá gbàdúrà sí i. Kò sí ọmọ tó ń wọ wọ́ọ̀dù yìí tí mi ò fi ra lára fúnra mi."

Ọ̀gá mi gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Mo rí i pé ó wu Ọ̀gá kí ọ̀rọ̀ náà má rí bí òun ṣe rò ó.

*

Bó ṣe rò ó náà ló rí. Dókítà Oyíndà pè wá, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kòkòrò tó wà nínú òrí náà kò ní ìkankan nínú àwọn àṣìkọ tó wà lára ti ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ara rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Òrí tí kò lómi nínú ì bá má gbà á láyè, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń bù sí i, àti ìka tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ ṣáá, ti sọ ike náà di ilé fún un.

Dípíò ní kí Ìyá Ifáníkẹ́ máa lọ sílé. Kò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi ló bẹ̀ ẹ́.

Ilé kọ́ ni Ìyá ní kí a gbé òun lọ. Nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù, Mátírọ̀n Lois wà lórí bẹ́ǹṣì ìta, kò dé fìlà funfun rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Mo ní mò ń pa wọ́n lára," ni ó ń wí. "Mo ní kí ara wọn lè dán. Mi ò mọ̀ pé mò ń pa wọ́n ni."

Bó ṣe rí Ìyá Ifáníkẹ́, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, mà. Mo pè yín ní apani."

"Jẹ́ kí n rí ọmọ mi ná," ni Ìyá wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Christianah ní kó fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́. Ṣàngówùmí dìde fún ìyá rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ọmọ. Ibà ti lọ. Ṣàngóyọmí la ojú, ó ń wá ọmú kiri pẹ̀lú ẹnu, ó sì ń bínú pé kò tètè rí i. Nínú bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọ Haleemah ń sùn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ sì wà ní àyà rẹ̀. Ìyá Ifáníkẹ́ fi ìka kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ronú kan mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà yẹn, pé ẹnìkan jókòó sí Alábàtà, ó kà wọ́n, ìyẹn ni ìyá àgbà yìí fi bọ́ lọ́wọ́ kóòtù, tí ọmọ yìí sì fi ń wá ọmú. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá rí i, ó yíjú sí ibòmíràn.

Ó pẹ́ kí Ìyá tó jáde. Mátírọ̀n ṣì wà lórí eékún.

"Inú ń bí mi sí ọ," ni Ìyá wí. "Mi ò ní purọ́. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé yìí, inú á máa bí mi, títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n ká ní abúlé ni wọ́n ti bí i, òrí lèmi náà ì bá fi pa á lára. Èmi náà ì bá bu omi sí i."

Mátírọ̀n kò lè gbé ojú sókè.

"Àwọn ìyá méjì tó sin ọmọ wọn ńkọ́, ta ló ti lọ sọ fún wọn?"

"Ọlọ́pàá ló máa..." ni Mátírọ̀n bẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìwọ ni. Wọ́n ṣì rò pé àgbo mi ló pa ọmọ wọn, á dáa kí wọ́n rí àwa méjèèjì pọ̀." Ó nawọ́ sí i. "Dìde. Màá bá ọ lọ."

Mátírọ̀n wo ọwọ́ náà, ẹ̀rù ń bà á láti fi tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá Ifáníkẹ́ kò dúró dè é, ó dì í mú ní ọrùn ọwọ́, ó fà á dìde.

Ọ̀gá Tẹjúmádé ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn, mo sì rọra wakọ̀ lọ sí ilé àkọ́kọ́.